Erékùṣù Shetland, Níbi tí Àwọn Obìnrin Gbé Ń Hun Irun Àgùntàn Tà

Ẹ̀yin ìyá ilé tí ẹ ń fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì àti òwú wúlù hun fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ fún ọmọ tuntun, tí ẹ sì ń tà nínú rẹ̀ nígbà tí àyè bá yọ̀ǹda, ẹ̀yin ni a kọ ìwé yìí sí jù lọ. A ti lọ, a sì ti bọ̀, láti ilẹ̀ kan tí iṣẹ́ yín yìí gbé jẹ́ iṣẹ́ gbogbo obìnrin fún ọ̀pọ̀ ìran. Ohun tí a rí níbẹ̀, àti ohun tí a kà nípa wọn, ni a fẹ́ ròhìn fún yín.

Ní ìhà àríwá ilẹ̀ Scotland, níbi tí Òkun Àtìláńtíìkì àti Òkun Àríwá gbé pàdé ara wọn, ni àwọn erékùṣù tí à ń pè ní Shetland wà. Wọ́n ju 100 lọ ní iye, ṣùgbọ́n èyí tí ènìyàn ń gbé nínú wọn kò tó 20. Gbogbo ará ibẹ̀ lápapọ̀ sì tó nǹkan bí 23,000. Lerwick ni olú-ìlú wọn. Ọkọ̀ ojú omi a máa fi Aberdeen sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, a sì máa gúnlẹ̀ sí Lerwick ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Oṣù kẹfà ni àwa wọ̀ ọ́, ní àkókò tí òkùnkùn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ní apá ibẹ̀ rárá. Ní agogo mọ́kànlá alẹ́ a ṣì rí ìwé kà lórí ọkọ̀ láìtan fìtílà, ohun tí ó yà wá lẹ́nu púpọ̀ nítorí pé ní ilé wa, bí oòrùn bá ti wọ̀, ilẹ̀ ti ṣú náà nìyẹn.

Ọmọ àbúrò wa obìnrin kan, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Aberdeen, ni a lọ bẹ̀ wò ní ilẹ̀ òkèèrè náà. Ọmọ yìí mọ iṣẹ́ híhun dáadáa. Lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ, ìyá rẹ̀ náà sì kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ nígbà èwe rẹ̀. Ó ti ń rò ó láti dín iṣẹ́ òru rẹ̀ kù, kí ó lè máa wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, kí ó sì máa hun aṣọ ọmọ-ọwọ́ tà. Nígbà tí ó bi wá léèrè pé, “Bàbá, kí ni ẹ rí sí i?” a ní kí ó kọ́kọ́ mú wa lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ti ń ta irú ọjà yìí pẹ́ jù lọ. Báyìí ni àwa àti òun ṣe jọ wọ ọkọ̀.

Ilẹ̀ náà kò ní igbó. Igi kò wọ́pọ̀ níbẹ̀ rárá, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ láti inú òkun kì í sinmi; koríko kúkurú àti ilẹ̀ dúdú tútù ni ó bo àwọn òkè. Ilẹ̀ dúdú yìí ni wọ́n máa ń gé bí bíríkì, tí wọ́n ń sá a gbẹ, tí wọ́n sì fi ń dáná bí àwa ti ń fi igi dáná. Àgùntàn wà níbi gbogbo. Wọn kò tóbi tó àgùntàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n irun wọn rọ̀ púpọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ̀: funfun, dúdú, eérú, àti pupa bí ilẹ̀ amọ̀, tí ẹni tí ó bá fẹ́ fi àwọ̀ oríṣiríṣi hun aṣọ kò fi dandan ní láti fi aró kan òwú. Èyí tí ó wà ní ọrùn àgùntàn ni ó dára jù; láyé àtijọ́ wọn kì í fi àlùmọ́gàjí gé e, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á tu díẹ̀díẹ̀ ní àkókò tí irun náà bá fẹ́ bọ́ fúnra rẹ̀.

Kí ó tó yé ènìyàn bí híhun ṣe di iṣẹ́ obìnrin ní ilẹ̀ yìí, ó ní láti wo òkun. Àwọn ọkùnrin wọn jẹ́ apẹja àti atukọ̀. Òmíràn bá ọkọ̀ lọ pa àbùùbùtán ní ìhà Greenland, òmíràn sì wà nínú ọkọ̀ ogun ọba. Ọ̀pọ̀ ni kò padà. Ní oṣù keje ọdún 1881, ìjì kan jà lójijì, ọkọ̀ ìpẹja mẹ́wàá ni ó ṣègbé, ọkùnrin 58 sì kú sínú omi. Ní Gloup, ní erékùṣù Yell, a gbẹ́ ère obìnrin kan tí ó gbé ọmọ lọ́wọ́, tí ó dojú kọ òkun, láti fi ṣe ìrántí wọn. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, obìnrin ni ń roko, òun ni ń fún wàrà, òun ni ń ru ilẹ̀ dúdú náà wálé nínú agbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó sì ti ń rìn lọ tí ó ń rìn bọ̀ pẹ̀lú ẹrù náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń hun. A rí àwòrán irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ní ilé ìpa-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé-mọ́ tí ó wà ní Lerwick. Ìgbànú awọ kan ni wọ́n máa ń sán, tí a fi irun ẹṣin kún inú rẹ̀, tí a sì da ihò sí lára. Inú ihò náà ni wọ́n ń ki orí abẹ́rẹ́ kan bọ̀, kí ó má baà mì bí wọ́n ti ń rìn. Ìgbànú yìí kò tíì parun. A rí ẹni tí ó sán an.

Láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ti ń tà. Àwọn ará Holland a máa wá pa ẹja ṣáwá ní agbègbè náà ní oṣù kẹfà lọ́dọọdún, ọgọ́rọ̀ ọkọ̀ wọn a sì kún èbúté tí ó wà láàrin Lerwick àti erékùṣù Bressay. Àwọn obìnrin a gbé ìbọ̀sẹ̀ wúlù sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn. Títà yìí wà lára ohun tí ó sọ Lerwick di ìlú.

Nígbà tí ó ṣe, iṣẹ́ náà di iṣẹ́ ọ̀ṣọ́. Ní erékùṣù Unst, tí ó wà ní ìpẹ̀kun àríwá pátápátá, wọ́n ń ran òwú tí ó tín-ínrín bí òwú aláǹtakùn, wọ́n sì ń fi í hun ìborùn tí ihò wà lára rẹ̀ ní ìlànà-ìlànà. Ìborùn kan lè tó àwẹ́ aṣọ ìbora lórí ibùsùn, síbẹ̀ bí ẹ bá ká a jọ, ẹ lè fà á gba inú òrùka ìgbéyàwó kọjá. Iṣẹ́ oṣù púpọ̀ ni. Arthur Anderson, ọmọ Shetland tí ó wà lára àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ P&O sílẹ̀, fi ìbọ̀sẹ̀ wọn ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ; a sì gbé ìborùn wọn hàn ní ìpàtẹ ńlá tí a ṣe ní London ní ọdún 1851. Àwọn ọlọ́lá obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí wá a. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò sọ pé ọrọ̀ ti wọ ilé àwọn ahunwúlù. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwa Yorùbá a máa sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ní Shetland ayé ìgbà náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wọ̀ ọ́, ọ̀nà náà sì gba ẹnu ilẹ̀kùn oníṣòwò kọjá. Obìnrin tí ó bá hun ìborùn tán yóò gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Lerwick. Oníṣòwò yóò wò ó, yóò dá iye lé e. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ni yóò kà sí i lọ́wọ́, bí kò ṣe ọjà: tíì, ṣúgà, aṣọ òwú, bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ní òun kò fẹ́ mú ọjà ní ọjọ́ náà, wọn a kọ ìwé pélébé kan fún un, pé ẹni tí ó mú un wá ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí iye rẹ̀ jẹ́ báyìí báyìí, ní ṣọ́ọ̀bù kan náà. Bí òwú bá sì jẹ́ ti oníṣòwò, iye tí yóò fún un fún làálàá híhun nìkan ni, ọjà náà ni yóò sì fi san án.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò. Obìnrin náà ń jẹ ìṣákọ́lẹ̀, onílẹ̀ kì í sì gba tíì. Ó fẹ́ ìyẹ̀fun àti ànàmọ́ òyìnbó, ẹni tí ó ta bọ́nẹ́ẹ̀tì fún un kò sì ta wọ́n. Nítorí náà yóò gbé tíì yìí káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀, yóò fi ṣe pàṣípààrọ̀ oúnjẹ; tàbí kí ó ta aṣọ tí a fún un fún aládùúgbò rẹ̀ ní iye tí ó dín sí èyí tí a kà á sí i lọ́rùn. Nígbà mìíràn ìwé pélébé náà pàápàá ni yóò tà lópòó, kí ó ṣáà lè rí ṣílè díẹ̀ dì mú. Àwọn àlejò tí ó wá sí Lerwick nígbà náà rí àwọn ọmọbìnrin tí ó wọ aṣọ dáradára tí ebi sì ń pa, wọ́n sì wí pé ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ! Àwa ti gbọ́ irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ rí ní ilé wa, tí a ń bá àwọn tálákà wí nítorí ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ wọn. Bí a bá fi aṣọ san owó iṣẹ́ fún ọmọdébìnrin, kí ni yóò ṣe ju kí ó wọ̀ ọ́ lọ?

Ìjọba gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1872, amòfin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Guthrie jókòó ní Lerwick láti ṣe ìwádìí, àwọn ahunwúlù àti àwọn oníṣòwò sì wá jẹ́rìí níwájú rẹ̀, a tẹ ẹ̀rí wọn sínú ìwé. Àwa tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìwé owó ní ọ́fíìsì kà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́ púpọ̀. Ohun tí ó dùn wá jù ni pé púpọ̀ nínú àwọn obìnrin náà kò tilẹ̀ béèrè owó mọ́, nítorí pé wọ́n ti mọ̀ pé àṣà ìlú ni láti má san án. Àwọn oníṣòwò náà ní àwíjàre tiwọn, ó sì yẹ kí a sọ ọ́: wọ́n ní èrè tí àwọn ń rí lórí wúlù fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan, pé orí tíì àti aṣọ ni èrè àwọn wà, àti pé bí a bá fi dandan mú àwọn san owó, iye tí àwọn yóò san yóò dín kù. Ó lè jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní òṣùwọ̀n ọjà tí ó ń rà àti òṣùwọ̀n ọjà tí ó fi ń san án lọ́wọ́ kan náà, ìgbà méjì ni ó ń jèrè, ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀ kì í sì mọ iye tí òun gbà ní tòótọ́.

Òfin tí ó ka irú sísan báyìí léèwọ̀ ti wà láti ọdún 1831, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin wọ̀nyí, nítorí pé a kò kà wọ́n sí alágbàṣe. Ilé ara wọn ni wọ́n gbé ń ṣiṣẹ́, a sì sọ pé ọjà ni wọ́n ń tà. Ní ọdún 1887 ni a tó tún òfin náà ṣe kí ó lè kan ẹni tí ń hun nǹkan nínú ilé rẹ̀. Síbẹ̀ àṣà náà kò kú ní ọjọ́ kan. Ó pẹ́ títí wọ inú ọ̀rúndún tí ó tẹ̀ lé e. Ogun ọdún 1939 sí 1945 ni ó já ìdè náà jù lọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun wá dó sí àwọn erékùṣù náà, tí wọ́n sì ń kan ilẹ̀kùn àwọn obìnrin láti ra ìbọ̀wọ́ àti ẹ̀wù òtútù, tí wọ́n ń san owó lójú ẹsẹ̀.

Ó ku Fair Isle. Erékùṣù kékeré ni èyí, ó dá wà láàrin òkun ní gúúsù àwọn ìyókù, ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀ kò sì tó ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti la gbogbo ayé já, nítorí ẹ̀wù aláràbarà tí wọ́n ń hun, onírúurú àwọ̀ ní ìlà-ìlà. Ní ọdún 1922, ọmọ ọba tí ó padà di Edward Kẹjọ wọ ọ̀kan lọ gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù ní St Andrews, láti ọjọ́ náà ni gbogbo ọ̀dọ́kùnrin ti ń wá a. Ìtàn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ fún àlejò, pé àwọn ará Spain tí ọkọ̀ wọn fọ́ ní etí erékùṣù náà ní ọdún 1588 ni ó kọ́ àwọn obìnrin ibẹ̀ ní iṣẹ́ ọnà yìí. Ọkọ̀ náà fọ́ ní tòótọ́, El Gran Grifón ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti wádìí ọ̀ràn náà kò rí ohun tí ó ti ìtàn ìyókù lẹ́yìn. Àwa kò yà sí i. Àwọn kan kì í gbà pé tálákà lè fi orí ara rẹ̀ ronú kan ohun tí ó lẹ́wà, àyàfi kí àlejò kan ti òkè òkun wá kọ́ ọ.

Orúkọ tí ó lókìkí jù ìlú lọ a máa mú ìyọnu wá. Lónìí, ẹnikẹ́ni ní ibikíbi lè fi ẹ̀rọ hun ẹ̀wù, kí ó sì pè é ní Fair Isle. Ní ọdún 1970 sí 1979, nígbà tí a rí epo rọ̀bì nínú òkun tí a sì kọ́ èbúté epo sí Sullom Voe, owó oṣù tí ó dára wọ ìlú, ọ̀pọ̀ obìnrin sì gbé abẹ́rẹ́ jù sẹ́yìn. Ta ni yóò bá wọn wí? Ní ọdún 2015, ilé aṣọ ńlá kan ní Paris gbé ẹ̀wù jáde tí iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ jẹ́ ti obìnrin kan ní Fair Isle, ẹni tí ó ti tà nínú iṣẹ́ rẹ̀ fún wọn ṣáájú láìmọ̀ pé wọn yóò ṣe àdàkọ rẹ̀. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀ síta, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì gbà láti máa dárúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí a dé, a yà sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan tí ń ta ìbọ̀wọ́ àti fìlà ní Lerwick. Ọmọ wa kí i dáadáa, ó bi í léèrè bí ó ṣe ń dá iye lé ọjà rẹ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń wo ojú oníbàárà ni. Ó ní ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn ni pé, ọjọ́ mélòó ni ó fi hun ún. Bí òun bá sì ti sọ ọ́, wọn a dákẹ́, wọn a gbé e sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó ní bí òun bá ka wákàtí, òun kì yóò tà á láéláé, nítorí náà òun kì í kà á.

Ọmọ wa kà á. Nígbà tí a padà dé ilé ibùwọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà ó mú bébà, ó sì ṣe ìṣirò níwájú wa. Ẹ̀wù Fair Isle kan tí a fi ọwọ́ hun lè gba 100 wákàtí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, owó tí ó kéré jù tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí a san fún àgbàlagbà fún wákàtí kan di pọ́n-ùn 12 àti pẹ́nsì 21. Èyí jẹ́ pọ́n-ùn 1,221 fún ẹ̀wù kan, kí a tó ra òwú, kí a tó san owó ibi tí a gbé ń tà á. Ìborùn ọmọ-ọwọ́ tí òun fúnra rẹ̀ hun fún arábìnrin kan nínú ìjọ wọn ní ọdún tí ó kọjá gba 30 wákàtí. Pọ́n-ùn 25 ni ó gbà lórí rẹ̀, lẹ́yìn tí arábìnrin náà ti na ọjà títí tí ó fi já pọ́n-ùn márùn-ún. “Bàbá,” ó ní, “owó òwú nìkan jẹ́ pọ́n-ùn 14.” Àwa kò sọ nǹkan kan. Ìyókù pọ́n-ùn 11 fún 30 wákàtí: ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ ìwé owó rí kò nílò kí a pín in fún un.

Àwọn ará Shetland ti rí ọgbọ́n díẹ̀ dá sí i. Láti ọdún 2010 ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀sẹ̀ wúlù kan lọ́dọọdún, tí àwọn ènìyàn ń wọ ọkọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè wá sí, kì í ṣe láti ra ẹ̀wù nìkan bí kò ṣe láti kọ́ bí a ti ń hun ún. Àwọn àlejò wọ̀nyí a máa san owó ẹ̀kọ́, wọn a ra òwú, wọn a ra ìwé tí a ya ìlànà híhun sí. Ẹni tí ó kọ ìlànà kan lè tà á fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó hun ẹ̀wù kan, ẹnì kan ni yóò tà á fún. Nínú ọdún 2010 yìí kan náà ni ìgbìmọ̀ ìlú fi òpin sí kíkọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní iṣẹ́ híhun, nítorí àtidín ìnáwó kù. Láti ọdún 2014 ni àwọn àgbà kan ti ń yọ̀ǹda ara wọn, tí wọ́n ń pe àwọn ọmọdé jọ, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọ àbúrò wa kò fi iṣẹ́ òru sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó kúrò ní Aberdeen a rí i tí ó ń gé páálí kéékèèké, tí ó ń kọ ọ́ sára wọn ní ìlà mẹ́ta: owó òwú, wákàtí, iye. Ó so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ìborùn mẹ́fà tí ó ti hun sílẹ̀, ó sì kó wọn lọ sí ìpàtẹ àwọn ìyá ní ìjọ wọn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Arábìnrin tí ó na ọjà ní èṣí mú ọ̀kan, ó ka ohun tí a kọ sí i tán, ó sì dá a padà sórí tábìlì. Ìyá arúgbó kan láti Ìjẹ̀bú, tí ó wá tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀, ka tiẹ̀ náà, ó bi í pé, “Ṣé lóòótọ́ ni o fi 30 wákàtí hun èyí?” ó tú gèlè, ó mú owó tí ó so mọ́ etí rẹ̀ jáde, ó sì kà á pé. Márùn-ún ni ó kù nígbà tí a palẹ̀ mọ́.